Gbá a, Gbà á: Ìtàn Gàfárù Ọmọ Odoakpu

Ẹsẹ̀ Gàfárù Ìyàndá gbọ́ gbogbo èdè tó wà láyé, ẹnu rẹ̀ ni kò gbọ́ ẹyọ kan délẹ̀. Bí ẹ bá gbé bọ́ọ̀lù síwájú rẹ̀, á bá a sọ̀rọ̀ bí àgbà lọ́yà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó fi Yorùbá kí àgbàlagbà, ẹ ó rò pé ẹnì kan ló ń fún un lọ́rùn. Ẹ má bú u. Odoakpu ni wọ́n ti bí i, ní Onitsha, nínú ilé kan tí ayálégbé mẹ́tàlá ti ń pín balùwẹ̀ kan ṣoṣo lò. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá, ìdílé tirẹ̀ nìkan ni Yorùbá.

Yẹ̀kínì ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì ní ọjà ńlá Onitsha. Ó ti ṣe òfin pé Yorùbá nìkan ni kí wọ́n máa sọ nínú yàrá òun. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n Súlìyát, ìyàwó rẹ̀, ti fi èdè Ìgbò ta aṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ahọ́n kì í sì í bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Bí oúnjẹ bá jinná, á fi èdè Ìgbò pe ọkọ rẹ̀ pé kó wá, á ní, "Bàbá Gàfárù, bịa o, oúnjẹ ti délẹ̀!" Bàbá Gàfárù, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun jáfara, á ta gìrì lórí ẹní. "Bíà kẹ̀? Nínú ilé tèmi?" Ogún ọdún gbáko ni wọ́n fi ń ja ìjà kan náà, kò sì sẹ́ni tó jáwé olúborí.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti di àìsàn sí Gàfárù lára. Gbogbo ọmọ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ kọ́ mọ̀ pé "gbá a" ni kí o fi ẹsẹ̀ ta nǹkan, pé "gbà á" sì ni kí o na ọwọ́ kí o mú un. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ Ìgbò tí Gàfárù ń bá ṣeré bá fẹ́ kó ta bọ́ọ̀lù, "Gbàá!" ni wọ́n máa ń kígbe ní èdè tiwọn. Ohùn wọn á kọ́kọ́ wálẹ̀, á tún gòkè, gẹ́lẹ́ bí ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá na búrẹ́dì sí i tó ní "Gbà á." Ọmọ náà wá ṣe ìṣirò tirẹ̀. Bí "gbà á" bá jẹ́ kí èèyàn ta á, a jẹ́ pé "gbá a" ni kí èèyàn mú un nìyẹn. Bàbá rẹ̀ wá fi èdìdì lé e. Ní gbogbo ìgbà tó bá yọ́ lọ sórí pápá, pàṣán ló máa ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà, bí pàṣán bá sì ti ń bà lé ìdí rẹ̀ ni bàbá ń wí pé, "Ṣé bọ́ọ̀lù lo fẹ́? Gbà! Gbà! Gbà!" Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, ta ló fẹ́ sọ fún ọmọ náà pé "gbà" kì í ṣe lílù?

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ èdè Gàfárù tinú-tẹ̀yìn. Obiora ni, ọmọ káfíńtà tí ilé wọn kọjú sí tiwọn. Obiora ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì máa ń mọ ibi tí Gàfárù wà kí Gàfárù fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ẹgbẹ́ Táígà Odoakpu ni àwọn méjèèjì ń gbá fún. Obiora á sáré gba etí pápá lọ, á gbé bọ́ọ̀lù kọjú sáàárín, á kígbe "Gbàá!" Gàfárù á sì gbá a sílé. Nígbà mìíràn, bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ lókè tí Gàfárù fẹ́ kí Obiora fi àyà mú un, á kígbe Yorùbá tirẹ̀, "Gbá a!" Obiora, tí Gàfárù nìkan kọ́ ní Yorùbá, á fi àyà mú un. Kò sí ìṣòro kankan. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀tá nìkan lọ̀rọ̀ náà máa ń dà lórí rú.

Nígbà tí òmìnira dé lóṣù kẹwàá ọdún 1960, gbogbo Onitsha ya wèrè dáadáa. Wọ́n pín àsíá kéékèèké fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, àwọn àgbààgbà sì mu ẹmu bí ẹni pé òyìnbó máa gbé ìyókù lọ. Wọ́n ní kí Táígà Odoakpu bá àwọn ọmọ Nkpor figagbága fún ife òmìnira. Agolo mílíìkì ni wọ́n fi ṣe ife náà, wọ́n wá fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kùn ún, bí èèyàn bá sì wo ìdí rẹ̀ dáadáa yóò rí orí màlúù.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí eré parí, ẹnikẹ́ni ò tíì jẹ góòlù. Ìgbà náà ni Yẹ̀kínì yọ létí pápá pẹ̀lú pàṣán. Ó ti wá ọmọ rẹ̀ dé mọ́sálásí, kò bá a níbẹ̀. Ó wọ inú pápá tààrà, kò tilẹ̀ ka rẹfirí sí èèyàn. Gàfárù rí pàṣán, ó fẹsẹ̀ fẹ, ojú ilé Nkpor ló sì sá forí lé. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún Nkpor náà rí bàbá àgbàlagbà tó ń gbé pàṣán bọ̀, àwọn náà bẹ́ sígbó, torí láyé ìgbà náà, ọmọ tó bá ti sún mọ́ pàṣán ni pàṣán wà fún. Obiora nìkan ló dúró. Ó gbé bọ́ọ̀lù síwájú, ó kígbe, "Gbàá!" Gàfárù gbá a láì dúró, ó wọ àwọ̀n.

Kí Yẹ̀kínì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ará Odoakpu ti gbé e sókè lé èjìká, tòun ti pàṣán lọ́wọ́. Wọ́n gbé e yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá ra òwú pé òun lòun kọ́ ọmọ òun ní bọ́ọ̀lù. Bí a bá rò ó síwá-sẹ́yìn, kò kúkú purọ́.

Òkìkí ife agolo yìí ló gbé Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá wá láti Èkó lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin oníkùn gẹ̀gẹ̀rẹ̀ yìí ni alága ẹgbẹ́ Ìdúmọ̀tà Róvàsì, níbi tí wọ́n ti ń san owó oṣù fún ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ará Odoakpu rò pé ẹ̀tàn ni. Babáṣọlá wo Gàfárù, ó wo Obiora, ó họrí. Ó ní àwọn méjèèjì dára, ṣùgbọ́n àyè ẹnì kan ló kù. Ó mú Gàfárù. Ó ní ọmọ Yorùbá ni, kò ní fi ògbufọ̀ dààmú àwọn.

Afárá kò tíì sí lórí odò nígbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn lọ sí Asaba. Obiora sìn ín dé èbúté, ó bá a gbé àpótí. Èdè Ìgbò ni àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ, Gàfárù sì dúró níbẹ̀, ó fi ìlérí kún ẹnu bí ẹni tó di èkuru sẹ́nu.

"Ọdún yìí ò ní yí po kí n tó ránṣẹ́ pè ọ́," ló wí. "Bí mo bá ti fìdí jókòó, ìwọ ló kàn."

Obiora ní, "Ngwa, ó dáa. Mò ń retí."

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí Gàfárù gbá l'Ékòó kò kúrò lẹ́nu àwọn ará Ìdúmọ̀tà fún ọdún pípẹ́. Ìdajì àkọ́kọ́ dùn bí oyin, ó jẹ góòlù méjì. Nígbà tó yá, ọ̀tá ta bọ́ọ̀lù kan tí kò lágbára, ó ń yí bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níwájú ilé wọn. Gbàdàmọ́sí, ọkùnrin gìrìpá tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ń sá tẹ̀ lé e, ó kọjú sí ilé ara rẹ̀. Káyọ̀ aṣọ́lé ti tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Gàfárù, tó padà wá ṣèrànwọ́, fẹ́ kí Káyọ̀ rọra mú un, ló bá fi gbogbo ẹ̀dọ̀fóró kígbe pé, "Gbá a! Gbá a!" Gbàdàmọ́sí kì í ṣe ẹni tó ń bá ọ̀rọ̀ jiyàn. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà gba àárín ẹsẹ̀ Káyọ̀ kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àwọ̀n dé ọjà.

"Ta ló ní kó o gbá a?" Káyọ̀ bi Gbàdàmọ́sí, orí rẹ̀ ń gbóná.

"Ọ̀gbẹ́ni yìí ni!"

Gàfárù ní, "Mi ò sọ fún ọ. Káyọ̀ ni mo ní kó gbá a. Kó fi ọwọ́ gbá a."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Gbàdàmọ́sí ní, "Ṣé ó dá ọ lójú pé ọmọ Yorùbá ni ọ́?" Láti ọjọ́ náà ni Èkó ti sọ ọ́ ní Gbá-Gbà. Ní Onitsha, ọmọ Yorùbá ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń fi ọbẹ̀ olóròóró àwọn Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́. L'Ékòó wọ́n ní ọmọ Ìgbò ni. Kò tíì rí ìlú tó pè é lọ́mọ láìfi ẹ̀rín kún un.

Ọdún méjì ló fi jẹ góòlù fún Róvàsì kí òyìnbó kan tó wá wò ó, tó sì gbé e lọ sí ìlú kan ní òkè àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú tí orúkọ rẹ̀ gùn ju ojú pópó rẹ̀ lọ. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà. Yẹ̀kínì gé e lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó fi ọ̀kan wé òwú fún oníbàárà kan tó ń jà á níyàn.

Ohun tí ìwé ìròyìn kò kọ ni pé nínú ọdún méjì tí Gàfárù lò níbẹ̀, ìgbà méje péré ló wọ pápá. Ọjọ́ yòókù, bẹ́ńṣì ló jókòó lé, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé ara bí aboyún tí òjò pa. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe òtútù, ìwà ìkà ni. Ìyá arúgbó tó gbà á sílé ń sè nǹkan gígùn kan fún un láràárọ̀. Ó jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó bi í pé ẹran wo ni. Ìyá náà kò rí ọ̀rọ̀ tó máa yé e, ló bá dún bí ẹlẹ́dẹ̀. Gàfárù jáde síta, ó bì títí, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lédè mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà, ànàmọ́ òyìnbó àti ẹyin nìkan ló ń jẹ títí tó fi kúrò.

Àwọn ará ilé kò mọ èyí. Fọ́tò ló fi ránṣẹ́ sí wọn. Ó yá kóòtù ọ̀gá ẹgbẹ́ wọ̀, ó fara ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí kò mọ ẹni tó ni ín, ó sì fi eyín síta. Onígbàjámọ̀ Odoakpu gbé e kọ́ sára ògiri, àwọn oníbàárà sì ń ní kó gé irun àwọn bí ti Gàfárù.

Obiora náà rí fọ́tò. Ó kọ lẹ́tà. Ó ní òun ti rí bí ọ̀rẹ́ òun ṣe fìdí jókòó, ìgbà wo wá ni kí òun máa múra? Gàfárù rẹ́rìn-ín nígbà tó kà á, torí lóòótọ́ ló fìdí jókòó. Kò dáhùn. Lẹ́tà kejì dé, ó tì í sábẹ́ tìmùtìmù. Ìkẹta kò ju ìlà kan lọ: "Ṣé o ṣì wà láàyè?" Ó ka èyí títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń pe ọ̀rẹ́ wá síbi bẹ́ńṣì tó ti kún? Bó bá sọ òtítọ́, fọ́tò ti di irọ́. Bó bá tún purọ́, Obiora á gbà á gbọ́, á tún máa retí. Ojú tì í. Ó ti lẹ́tà kẹta náà sábẹ́ tìmùtìmù.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1965, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n fún un ní táì kan, wọ́n sì ní ó dàbọ̀. Ó padà sí Róvàsì l'Ékòó. Kò lọ sí Onitsha. Fọ́tò tó wà lára ògiri onígbàjámọ̀ ti ga jù ú lọ, kò sì mọ bí òun ṣe máa dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tí 1966 dé, ayé bàjẹ́. Wọ́n pa àwọn ọmọ Ìgbò ní òkè Ọya bí ẹní pa ẹran, àwọn tó sá àsálà dé Onitsha pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ àti òkú ọmọ, gbogbo ìlú sì le bí igi. Nígbà tó ṣe, ìkéde jáde pé kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ìlà-Oòrùn máa lọ sílé wọn. Yẹ̀kínì àti Súlìyát di ẹrù. Ọgbọ̀n ọdún wọ inú àpótí méjì.

Ìtẹ̀síwájú ìtàn yìí, ẹnu Súlìyát ni Gàfárù ti gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n dé Èkó, tí ìyá náà ń bọ́ bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó wú. "Obiora ló gbé àpótí mi lérí," ló wí. "Ó gbé e láti Odoakpu dé orí afárá tuntun yẹn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan dí wa lọ́nà lẹ́nu afárá, ojú wọn pọ́n. Obiora ní ìyá òun ni mí. Wọ́n ní, báwo ni ìyá rẹ ṣe jẹ́ Yorùbá? Ó ní, ẹ bi bàbá mi. Ó mú wa kọjá dé Asaba, ó sọ àpótí kalẹ̀, ó padà."

Gàfárù kò gbé ojú sókè. "Kí ló sọ nípa mi?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ló bèèrè. Ó ní, Gàfárù ńkọ́? Mo ní o wà dáadáa." Ìyá rẹ̀ fi bàtà kejì sílẹ̀. "Kò bèèrè mọ́."

Ogun bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ ni Gàfárù ń bọ̀ láti ibi ìdánrawò, ó kọsẹ̀ lára gọ́tà níwájú àwọn sójà tó dábùú ọ̀nà, ó sì kígbe, "Chineke!" Ṣé ẹ rí i, ẹsẹ̀ tó rìn lórí yìnyín ìlú òyìnbó tí kò ṣubú, gọ́tà Èkó ló wá rí i mú.

Sójà kan na ìbọn sí i. "You be Igbo man!"

"Oga, I swear, I be Yoruba!"

"Oya, talk Yoruba make we hear."

Gbogbo Yorùbá tó wà lórí Gàfárù sá lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó yíjú sí àwọn èrò tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó na ọwọ́ sí wọn, ó sì fi ohùn tirẹ̀ bẹ̀ wọ́n, "Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbá mi o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbá mi!"

Àwọn èrò wo ara wọn. Ìyá kan pòṣé, ó ní, "Ọmọ Yorùbá wo ló ń bẹ èèyàn kí wọ́n gbá òun?"

Sájẹ́ǹtì wọn, Jímọ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ó sún mọ́ ọn. "Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ," ló wí, ó sì gbá a létí. Gàfárù rí ìràwọ̀. "Ó tún kù?" Gàfárù sunkún, "Ẹ gbá mi!" Jímọ̀ tún gbá a. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí Gàfárù tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ló ń pe ìgbátí wá. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹyin. "Ẹ... gbà... mí."

Jímọ̀ dá ọwọ́ dúró. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ̀ bí ọrun. "Dúró ná. Ṣé kì í ṣe ìwọ ni Gbá-Gbà? Ìwọ lo ní kí Gbàdàmọ́sí gbá bọ́ọ̀lù sílé ara yín?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀. Kò sí ọmọ Ìgbò tó lè ba Yorùbá jẹ́ tó báyìí. Ọmọ onílé nìkan ló ń ba ilé jẹ́ dé ìpìlẹ̀."

Gàfárù bá wọn rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí etí rẹ̀ ń hó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin mẹ́fà mìíràn wà nínú ọkọ̀ sójà náà, kò sì sẹ́ni tó dá èyíkéyìí nínú wọn mọ̀ lórí pápá. Ọ̀kan nínú wọn ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ọkọ̀ gbé wọn lọ, Gàfárù ò sì mọ ibi tí wọ́n gbé wọn lọ títí di òní. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ kò ṣìnà mọ́. Tó bá di gbá, á gbá. Tó bá di gbà, á gbà. Káyọ̀ ní ẹ̀kọ́ tí ìyá rẹ̀ ò lè kọ́ ọ lógún ọdún, Jímọ̀ fi ìgbátí mẹ́rin parí rẹ̀. Ẹ̀rù Obiora nìkan ni ẹnikẹ́ni ò lè nà kúrò lára rẹ̀.

Ogun parí níbẹ̀rẹ̀ 1970. Súlìyát kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìsọ ọ́: "Lọ kí ẹni tó gbé ẹrù mi." Ó sọ ọ́ títí dé oṣù kẹfà kí ìtìjú tó fi Gàfárù sílẹ̀. Afárá ti já lulẹ̀ sínú odò, ọkọ̀ ojú omi ló tún gbé e kọjá bí ìgbà tó lọ. Kò dá Onitsha mọ̀. Ọjà ti jóná. Ilé wọn ní Odoakpu kò lórí mọ́, balùwẹ̀ tí èèyàn mẹ́tàlá ń jà sí nìkan ló dúró láìfarapa. Ògiri onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀, ojú ibi tí wọ́n gbé fọ́tò kọ́ sì funfun ju ìyókù lọ.

Ó bá Obiora níwájú ilé bàbá rẹ̀, ó ń fi ràndà fá igi ilẹ̀kùn. Ó wà láàyè. Gàfárù di òpó mú. Obiora ti gbẹ, irun rẹ̀ ti ń funfun kó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó gbójú sókè, ó wò ó, ó mi orí, ó sì ń bá igi rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Gàfárù fi jókòó tì í. Ó sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ó jẹ́wọ́ kóòtù, ó jẹ́wọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó jẹ́wọ́ bẹ́ńṣì àti lẹ́tà abẹ́ tìmùtìmù. Ó tilẹ̀ jẹ́wọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Obiora ń kan ìṣó. Kò bú u, kò lé e, ó ń fún un ní oúnjẹ díẹ̀ tó ní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Gàfárù ìbá fẹ́ kó gbá òun létí. Ìgbátí ṣì ní ohùn.

Ní Sátidé, àwọn ọmọ Nkpor wá bá àwọn tó kù ní Odoakpu gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni mẹ́sàn-án ni Odoakpu rí kó jọ, wọ́n fi Gàfárù kún un, tòun ti orúnkún rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wọn wà, bọ́ọ̀lù náà sì ti gba àlẹ̀mọ́ tó fi ń yí bí ọ̀mùtí. Obiora ṣì ń sáré gba etí pápá apá òsì. Kò gbé bọ́ọ̀lù fún Gàfárù. Bí Gàfárù tilẹ̀ dá dúró níwájú ilé tó ń na ọwọ́, á wò ó, á gbé e fún ẹlòmíràn. Àwọn èrò rí i. Wọ́n mọ̀.

Ó ku díẹ̀ kí eré parí, Nkpor sì ti jẹ góòlù kan. Obiora ré ẹnì kan kọjá, ó ré ẹlòmíràn kọjá, ó gbójú sókè. Gàfárù nìkan ló wà níwájú ilé, aṣọ́lé Nkpor ti ṣubú. Obiora dúró díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù tí kò mọ̀ bóyá òun á lè gbé e. Ó gbé bọ́ọ̀lù náà sókè pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì, ó lọ rekete sí àyà ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì la ẹnu sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án.

"Gbàá!"

Gàfárù gbọ́ ọ. Etí tí Jímọ̀ tún ṣe ló fi gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á, ó sì gbé e mọ́ àyà.

Rẹfirí fọn fèrè. Gàfárù dúró níwájú àwọ̀n tó ṣófo pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun, kò sì lè sọ ọ́ sílẹ̀. Obiora sún mọ́ ọn. Ó fẹ́ bínú, gbogbo ojú rẹ̀ ló fi ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹnu ń gbọ̀n ọ́n.

"Gàfárù," ló wí lédè Ìgbò, "wọ́n ti sọ ọ́ di Yorùbá!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín náà ran àwọn èrò, ó ran àwọn ọmọ Nkpor, ó ran rẹfirí tí fèrè ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá kan sọ pé òun ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ nílùú náà láti ìgbà tí ìbọn ti dákẹ́. Gàfárù jókòó tì í, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, bọ́ọ̀lù wà láàárín wọn.

Nkpor ló borí, góòlù kan sí òdo. Gàfárù kò padà sí Èkó láti gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Odoakpu ló gbá fún títí orúnkún fi sọ pé ó tó, òun àti Obiora sì jọ kan òrùlé ilé ayálégbé mẹ́tàlá yẹn padà. Súlìyát dé lọ́dún kejì pẹ̀lú aṣọ títà. Nígbà tí wọ́n rò fún un bí ọmọ rẹ̀ ṣe fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù níwájú ilé tó ṣí sílẹ̀, gbogbo ará ilé tún ń rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ fẹ́ kó fi gbà á tẹ́lẹ̀?" ló bi wọ́n. "Ohun tèèyàn ti ń retí láti ọdún mẹ́sàn-án, ṣé ẹsẹ̀ la fi ń gbà á ni?"